Àlejò Kì í Sùn Lórí Ìgò Gáàsì

Èmi tí mo ń kọ ìwé yìí, mo ti fi ẹnu gbé gáàsì rí. Ẹ tún un kà: ẹnu. Kì í ṣe orí, kì í ṣe ọmọlanke. Mo fa gáàsì inú odindi ìgò kan sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, mo pa ẹnu dé, mo fi ẹsẹ̀ rìn láti Duala ní Monrovia níbí, mo gun afárá, mo la àárín Rally Time kọjá nígbà tí ọjà kún, mo ń bá a lọ títí mo fi dé ọjà Red Light. Àwọn tó mọ̀ mí ń kí mi, n kò jẹ́ wọn lóhùn. Ọlọ́kéké kan, àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta gbé èrò, tilẹ̀ dúró tì mí, ó ní, "Ol' Pa, come sit down, I will carry you!" Mo kàn mi orí fún un ni. Bí mo bá fi lè la ẹnu sọ pé "Rárá" péré, à bá máa sọ̀rọ̀ Monrovia bí ìlú tó ti wà rí. Nígbà tí mo dé Red Light, mo bá obìnrin kan tí èédú rẹ̀ ti kú, tó ń fẹ́ iná láìrí iná nídìí ìkòkò ìrẹsì. Mo ṣẹ́wọ́ sí i kó ṣá ìṣáná. Mo wá ń fẹ́ ẹnu mi sábẹ́ ìkòkò náà díẹ̀díẹ̀. Ìrẹsì jinná. Ọbẹ̀ ewé ẹ̀gẹ́ jinná. A tún fi èyí tó ṣẹ́kù gbé omi ìwẹ̀ kaná fún ọmọ rẹ̀.

Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó pa ìwé yìí dé, kó lọ kọ́ iṣẹ́ báńkì. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ wa tí ẹ ń bi mí pé, "Bàbá, iṣẹ́ wo la lè ṣe nílùú yìí tí yóò bọ́ wa dọjọ́ alẹ́?", ẹ fa àga súnmọ́ mi. Gáàsì bọ́ mi. Kò sì jó mi, àfi níbì kan tí n kò ní fi han ẹnikẹ́ni.

Jeremáyà ni wọ́n sọ mí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè Jeremáyà ní Duala, inú Bíbélì ni wọ́n máa ní kí ẹ lọ wò. Pa Gáàsì ni kí ẹ béèrè. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí mi sí. Mo kàwé dé kíláàsì kẹrin, olùkọ́ mi sì ní òun kò rò pé ó yẹ ká da kíláàsì karùn-ún láàmú. Àbúrò bàbá mi tó ń ta aṣọ ní Liberia ló mú mi wá sí Monrovia, tó fà mí lé Ọ̀gá Ládòkun lọ́wọ́, ará Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa, tó ń rọ gáàsì, tó sì ń tún ẹnu ìgò gáàsì ṣe. Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ kò gùn. Ọ̀gá ní, "Ṣé o lè gbóòórùn?" Mo ní, "Mo lè gbóòórùn, sà." Ó parí. Owó iṣẹ́ náà kò tiẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá Ládòkun ga, ó gbẹ bí igi ìdáná, irun òkè ojú òsì rẹ̀ kò sì sí níbẹ̀. Gáàsì ti mú un lọ nígbà tó wà lọ́mọṣẹ́. Bí a bá ṣe àṣìṣe, kò ní pariwo. Yóò kàn fi ìka kan ibi tí irun náà máa ń wà, yóò sì wò wá. Mo fara mọ́ pàṣán ju kó wò mí bẹ́ẹ̀ lọ.

Lódindi ọdún àkọ́kọ́, n kò fọwọ́ kan ìgò kankan. Imú ni mo ń kọ́. A kì í fi ìpara olóòórùn para. A kì í jẹ àlùbọ́sà láàárọ̀. Bí ọmọge bá fi lọ́fínńdà kọjá níwájú ìsọ̀, kí a yíjú sí ògiri ni, ẹ̀yin náà sì mọ bí ìyẹn ṣe le tó fún ọmọkùnrin. Láràárọ̀, Ọ̀gá yóò fi aṣọ dì mí lójú, yóò gbé agolo sábẹ́ imú mi.

"Kí lèyí?"

"Kẹrosíìnì, sà."

"Èyí ńkọ́?"

"Ẹja gbígbẹ, sà."

"Èyí?"

"Ẹyin tó ti bàjẹ́, sà."

"Ẹyin tó bàjẹ́ ni àbí gáàsì ni?"

Mo tún fa imú.

"O ti kú," ni Ọ̀gá wí. "Lọ gbálẹ̀."

Mo kú títí lọ́dún náà. Ilẹ̀ ìsọ̀ wa mọ́ ju ti ilé ìwòsàn lọ. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yè, mo yè débi pé mo lè dúró ní Duala kí n sọ ọbẹ̀ tí wọ́n ń sè ní Sinkor lọ́hùn-ún, kí n sì sọ bóyá iyọ̀ rẹ̀ tó.

Ẹ̀kọ́ kejì ni pé gáàsì kì í fò. "Rírá ló ń rá," ni Ọ̀gá máa ń wí, "bí ọmọ tí kò tíì rìn. Ilẹ̀ ló ń wá. Kòtò ló ń wá. Ẹni tó bá ń wá a lókè, orí òrùlé ni wọ́n ti máa ká òun náà." Ìdí nìyẹn tí ilé ìkógò wa fi ní ihò ní ìsàlẹ̀ ògiri yíká, kí èyí tó bá jò lè rá jáde, kó bá atẹ́gùn lọ. A kì í fi iná wá ibi tó ń jò, bí ó ti wù kí ojú ń kán ẹni tó. Omi ọṣẹ là ń fi pa á. Ibi tó bá ti ń hó, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lejò ń gàgbọn. Ẹni tó bá fi ìkánjú gun ìgò gáàsì, wọn kò ní rí i kó sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé ìkógò náà dáadáa, nítorí òun gan-an lọ̀rọ̀ mi. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí ní Duala ló wà. Kò sí onílé kan ní gbogbo àgbègbè yìí tó fẹ́ fi ilé fún ẹni tó ń kó gáàsì, Ọ̀gá bá lọ bẹ àwọn àgbà ìjọ. Wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ fún un lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n fi àdéhùn kan dè é: ọjọ́ tí gáàsì bá lé ẹnì kan sáré jáde nínú ìsìn, ọjọ́ náà ni kọ́kọ́rọ́ yóò padà sọ́wọ́ ìjọ. Ẹ fi àdéhùn yẹn sọ́kàn o. Gbogbo oúnjẹ tí mo jẹ láyé mi, ẹnu ihò kọ́kọ́rọ́ yẹn ló gbà wọlé.

Ẹ̀kọ́ kẹta ló le jù, òun ló sì kúrú jù: àlejò kì í sùn lórí ìgò. Ohunkóhun tí o bá dè mọ́ ẹnu ìgò, ìbáà ṣe rọ́bà, ìbáà ṣe irin, bí o bá ti lò ó tán, tú u kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú. "Ìgò ní ilẹ̀kùn tirẹ̀," ni Ọ̀gá wí. "Tí àlejò bá fẹsẹ̀ ha ilẹ̀kùn, onílé ò lè tì í."

Mo gbàgbé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo fi rọ́bà kan sílẹ̀ lórí ìgò, mo lọ jẹun. Nígbà tí mo dé, Ọ̀gá fọwọ́ kan ojú òsì rẹ̀. Ó tú rọ́bà náà, ó so ó mọ́ mi lọ́rùn bí táì, ó ní kí n lọ ra iyọ̀ wá ní Rally Time, àti pé ẹnikẹ́ni tó bá bi mí léèrè ohun tó wà lọ́rùn mi, kí n dáhùn. Ta ni kò béèrè? Àwọn ìyá tó ń ta ata, àwọn alábàárù, ọlọ́pàá kan tí kò rí nǹkan mìíràn ṣe. Mo ń dá gbogbo wọn lóhùn: "Àlejò ni. Ó ní òun ò lọ mọ́." Ìyá kan bu ata fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní kí n lọ fi gbàdúrà, pé orí ló ń yọ mí lẹ́nu. Láti ọjọ́ náà, n kò gbàgbé mọ́.

Lọ́jọ́ fíríídọ̀mù mi, Ọ̀gá kò fún mi ní ìwé ẹ̀rí. Kọ́kọ́rọ́ náà ló fi lé mi lọ́wọ́. Ó gbàdúrà fún mi, ó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì kú lórí ibùsùn rẹ̀ nígbà tó dàgbà, gbogbo irun ara rẹ̀ pé, àyàfi èyí tí ẹ mọ̀.

Iṣẹ́ yí padà lójú mi. Nígbà kan, àwọn tó ń mu sìgá ló ń bọ́ mi: mo ń rọ gáàsì sí ẹ̀rọ ìṣáná wọn. Nígbà tó yá, ìṣáná olówó pọ́ọ́kú dé, tí wọ́n ń lò tí wọ́n ń sọ nù. Ogun dé. N kò ní sọ ti ogun níbí. Ẹni tó wà níbẹ̀ mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò sí níbẹ̀ kó dúpẹ́. Ogun lọ, àwọn ìyàwó ilé bẹ̀rẹ̀ sí í fi gáàsì dáná, ìsọ̀ mi kún. Irin ìtúgò tí Ọ̀gá fún mi ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n irin kéékèèké tó ń tẹ̀lé e ti pọ̀: ẹnu ìgò ti ìlú yìí kò bá ẹnu ìgò ti ìlú kejì mu, bí ẹnu èmi àti ti Ìyá Ṣadé ìyàwó mi.

Níbẹ̀ ni Ẹnjiníà Dípò ti wọlé tọ̀ mí wá. Ọmọ ìjọ wa ni, ó ń ṣiṣẹ́ lórí àwọn ọ̀nà tí wọ́n ń ṣe. Ó gbé fúláàsì oúnjẹ kan dání, ó ń wẹ̀yìn wò.

"Bàbá, ẹ kúuṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́jú nǹkan kan. Ìyàwó mi ní kò gbọdọ̀ wọ ilé òun."

Mo ṣí fúláàsì. Ìbọn ló wà níbẹ̀! Mo dé e padà kíá. "Dípò! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n wá gbé èmi arúgbó tì mọ́lé ni?"

"Ìbọn eré ni, Bàbá! Ọta rọ́bà kékeré ló ń yìn. Àwa àti àwọn ará ibiṣẹ́ la fi ń ṣeré lọ́jọ́ Sátidé, nínú ọgbà olódi kan lẹ́yìn Red Light. A dé awò sójú. A ti sọ fún ọlọ́pàá àti gbogbo aládùúgbò."

Ó ṣe dáadáa tó sọ fún wọn. Ìlú tí ogun ti jà kì í rí ìbọn kó béèrè bóyá eré ni. Ìdí nìyẹn tó fi ń gbé e kiri nínú fúláàsì oúnjẹ.

"Kí wá ni tèmi níbẹ̀?"

"Gáàsì ló ń ti ọta rẹ̀ jáde, Bàbá. Gáàsì tí wọ́n ṣe fún un gan-an kò wọ́pọ̀ níbí. Ṣùgbọ́n wọ́n ní èèyàn lè lo pùròpéènì inú ìgò kékeré, tó bá ti ní èyí."

Ó fi adápítọ̀ lé mi lọ́wọ́. Irin kékeré kan ni, kò ju àtàǹpàkò mi lọ. Ìdí rẹ̀ fẹ̀, ó ń wọ ẹnu ìgò. Orí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń wọ ẹnu ilé ọta ìbọn, níbi tí gáàsì ń gbé. Òrùka rọ́bà kan wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí gáàsì yọ́ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì. Mo rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, n kò tíì rí àlejò tó kéré tó báyìí.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà kó tiwọn wá. Mo ń tọ́jú àwọn adápítọ̀ bí ẹni ń tọ́jú eyín àwọn arúgbó: kálukú nínú agolo tirẹ̀, orúkọ olówó lára rẹ̀. Bí wọ́n bá ti lò ó tán, mo ń tú u kúrò lórí ìgò, mo ń fi aṣọ tó mọ́ nù ún, mo ń wo òrùka rọ́bà bóyá ó ti sán, mo ń kán epo sílíkóònù sí i lẹ́ẹ̀kan, mo ń dé e lórí kí eruku má wọ̀ ọ́. Ìgò ń dúró lóòró lábẹ́ ibòji, kì í dùbúlẹ̀, kì í sùn nínú mọ́tò tí oòrùn ń pa. Ìta gbangba la ti ń rọ ọ́, níbi tí kò sí sìgá, tí kò sí kólípọ́ọ̀tù tí wọ́n ń fi èédú dá, tí kò sí ẹlẹ́nu. Ẹnu ilé ọta yóò kọjú sókè, ìgò yóò dorí kodò lé e ní ọ̀gangan, ibọ̀wọ́ yóò sì wà lọ́wọ́, nítorí gáàsì tó ń jáde tutù débi pé ó ń bó awọ bí iná. Ẹnjiníà kò jiyàn rí. Gbogbo ohun tí mo sọ ló ń ṣe. Mo fẹ́ràn ọmọ náà.

Ìyá Ṣadé nìkan ni ara kò rọ̀. Òun ni olórí ẹgbẹ́ àdúrà ìjọ wa. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, òórùn gáàsì ló ń fọ̀ lára síńgílẹ́ẹ̀tì mi.

"Bàbá Ṣadé, ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín tó ń rùn yìí, ẹ má mà jọ dágbére fún mi lọ́jọ́ kan náà."

"Ìyá Ṣadé, iṣẹ́ tó ń bọ́ wa kọ́ nìyí?"

"Ikú náà ń bọ́ àwọn agbẹ́lẹ̀ sàréè. Ó dáa. Mo ti fà á lé Olúwa lọ́wọ́."

N kò bi í léèrè bó ṣe fà á lé E lọ́wọ́. Ohun tí mo kíyèsí ni pé àwọn adápítọ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í dán yọ̀ọ̀, wọ́n ń yọ́ lọ́wọ́ bí ẹja. Mo rò pé epo sílíkóònù tuntun tí Ẹnjiníà rà ló dára tó bẹ́ẹ̀. Mo tilẹ̀ yìn ín.

Báyìí ni ọjọ́ eré dé. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ fẹ́ ṣe eré olè tó ronú pìwà dà nínú ìsìn, wọ́n sì fi Ẹnjiníà ṣe olè, nítorí òun ló ní ìbọn. A kó gbogbo ọta kúrò nínú rẹ̀, a fi gáàsì nìkan sí i kó lè dún. Pásítọ̀ kéde fún ìjọ àti àdúgbò pé ohun ìṣeré ni, kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n òjò Monrovia kò gbọ́ ìkéde. Ó ń rọ̀ bí ẹni pé wọ́n fẹ́ fọ òkun. Wọ́n ti gbogbo fèrèsé pa. Níwájú pẹpẹ, ẹni tó ń ṣe ìyá olè nínú eré náà ń gbàdúrà lórí àpótí, ó tan àbẹ́là kan sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, Ẹnjiníà rí i pé gáàsì ìbọn òun ti tán. Ó wo òjò, ó wo aṣọ olè tó wọ̀, ó wo àsìkò. Ó ní, díẹ̀ báyìí kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Ó de adápítọ̀ mọ́ ìgò, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ilé ọta.

Pásítọ̀ kò mọ nǹkan kan. Ó na ọwọ́ sókè níwájú ìjọ, ó ké pé, "Olúwa, jẹ́ kí ògo Rẹ rọ̀ sọ́dọ̀ wa bí ìkùukùu!"

Ṣìì-ì-ì-ì!

Ìkùukùu funfun yọ lábẹ́ aṣọ ìkélé, ó ń rá bọ̀ nílẹ̀, ó tutù, ó ń yọ́ bọ̀ bí ohun tí wọ́n rán níṣẹ́.

"Ògo!" ni ìjọ ké. "Ògo!"

Dékìn Bámgbóyè ló kọ́kọ́ ṣubú. Ọkùnrin tó fẹ́ràn àdéhùn ju oúnjẹ lọ ni, ó sì ti pẹ́ tó ti ń wo ilé ìkógò mi pé ibẹ̀ ló yẹ ká máa kó àga rọ́bà ìjọ sí. Ó na gbalaja sójú ìkùukùu náà, ó ń sọ̀rọ̀ tí a kò gbọ́. Àwọn ìyá ń jó wọ inú rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, Ẹnjiníà ti gbé ilé ọta kúrò, ṣùgbọ́n adápítọ̀ kò dẹ̀. Nǹkan kan ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú, ó ń bì ní tirẹ̀. Ìkùukùu sì ń rá lọ sídìí àbẹ́là.

Imú mi ta mí lólobó. Mo fo ìjókòó méje lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fi ìka méjì pa àbẹ́là. Mo dojú kọ ìgò, mo gbé ẹnu lé orí adápítọ̀, mo fa gbogbo gáàsì náà mu pátá, mo pa ẹnu dé. Ìrìn àjò tí mo kọ́kọ́ sọ fún yín, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn mi ni Ìyá Ṣadé ti ní kí wọ́n ṣí gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan iná mànàmáná, ó sì dá orin. Ìjọ ń kọrin jáde wọ́ọ́rọ́wọ́ sínú òjò. Ẹnì kankan kò sáré. Ẹ fi ìyẹn náà sọ́kàn.

Lọ́sẹ̀ náà ni àwọn àgbà ìjọ pè mí. Adápítọ̀ wà lórí tábìlì, kọ́kọ́rọ́ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Níbo ni mo fẹ́ kó ìgò lọ lọ́jọ́ ogbó mi?

"Àdéhùn ni àdéhùn," ni Dékìn Bámgbóyè wí. "Gáàsì ti wọ inú ìsìn. Kí kọ́kọ́rọ́ padà."

Ẹnjiníà dìde. "Ẹ̀bi mi ni, sà. Èmi ni mo rọ ọ́ nínú ilé."

"Ó yẹ kó dá dúró bí o ti gbé ilé ọta kúrò," ni mo wí. "Kí ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú?"

Ìyá Ṣadé tó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn bá dìde.

"Òróró ni," ó wí. "Òróró àdúrà. Èmi ni mo ń kán an sí i."

Mo yíjú sí i. "Ìyá Ṣadé!"

"Ẹ má pe orúkọ ọmọ mi bẹ́ẹ̀ yẹn. Lójoojúmọ́ lẹ ń jáde lọ bá ohun tó lè gbé yín lọ lójijì. Kí ni kí n ṣe? Mo ń ta òróró sí wọn lórí níkọ̀ọ̀kan, mo ń ní, 'Ìwọ irin yìí, o ò ní í pa ọkọ mi.'"

Òróró ólífì dára fún orí èèyàn, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n rọ́bà kì í ṣe ọmọ ìjọ: òróró ń mú un wú, ó sì ń di gọ́ọ̀mù tí eruku ń lẹ̀ mọ́. Epo sílíkóònù nìkan ni tirẹ̀.

Dékìn kọjú sí Ìyá Ṣadé. "Níbo lẹ ti rí òróró náà?"

"Lọ́wọ́ Pásítọ̀ ni. Wọ́n ti gbàdúrà sí i."

Pásítọ̀ wúkọ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó wúkọ́ tán.

"Dékìn," ó wí, "ẹ rán mi létí, kí ni àdéhùn náà wí gan-an?"

"Pé ọjọ́ tí gáàsì bá lé ẹnì kan sáré jáde nínú ìsìn."

"Ta ló sáré?"

Wọ́n wo ara wọn lójú.

"Ẹ̀yin ńkọ́, Dékìn?"

"Mo ṣubú ni."

"Ṣé ìta lẹ ṣubú sí àbí inú?"

"Inú ni, sà," ni Dékìn wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Ẹ ní ẹ rí ìran pàápàá," ni Ẹnjiníà wí.

"Dákẹ́ ẹnu rẹ, ìwọ olè!" Ilé bú sẹ́rìn-ín. Dékìn náà kò lè mú ojú le mọ́. Pásítọ̀ pàṣẹ pé láti ọjọ́ náà lọ, òróró àdúrà kò gbọdọ̀ kan ohunkóhun tó ní rọ́bà nínú, àti pé inú ilé kọ́ la ti ń rọ gáàsì, ìbáà jẹ́ òjò Nóà ló ń rọ̀. Kọ́kọ́rọ́ náà kò kúrò nílé mi títí di òní.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo fi kún un, nítorí Ìyá Ṣadé ni yóò ka ìwé yìí kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

N kò fi ẹnu gbé gáàsì rí. Kò sẹ́ni tó lè ṣe é, ẹ má sì dán an wò láé: yóò bó yín lẹ́nu, èémí rẹ̀ sì ń pani. Obìnrin Red Light kò sí, ìrẹsì rẹ̀ kò sí. Èmi kọ́ ni mo fo ìjókòó, èmi kọ́ ni mo pa àbẹ́là. Nígbà tí ìkùukùu náà dé, orí eékún ni mo wà ní ìlà kejì, mo di ojú, mo ń ké "Ògo!" ju Dékìn lọ. Imú mi ti fẹ̀yìntì kí n tó fẹ̀yìntì, kò sì sọ fún mi. Ìyá Ṣadé tó ń fọ síńgílẹ́ẹ̀tì mi láti ìgbà ọmọge ni ó gbóòórùn rẹ̀. Òun ló pa àbẹ́là. Ó tú gèlè rẹ̀, ó fi wé ọwọ́, ó yí adápítọ̀ kúrò lórí ìgò, ìgò sì ti ilẹ̀kùn ara rẹ̀ bí Ọ̀gá ti wí. Ó gbé e jáde sínú òjò. Lẹ́yìn náà ló padà wọlé láìsí gèlè lórí, ó fọwọ́ kàn mí léjìká.

"Bàbá Ṣadé, ẹ dìde. Gáàsì yín ni."

Ti ìpàdé yẹn jẹ́ òótọ́ látòkè délẹ̀, àfi pé n kò sọ bó ṣe parí. Pásítọ̀ mú kọ́kọ́rọ́ lórí tábìlì. Mo na ọwọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kọjá lára mi, ó lọ bá Ìyá Ṣadé. Kò kúrò nílé mi, mo kúkú sọ bẹ́ẹ̀. Etí ìró rẹ̀ ló so ó mọ́. Bí mo ṣe fẹ̀yìntì nìyẹn. Òun ló ń tọ́jú adápítọ̀ àwọn Ẹnjiníà báyìí, kálukú nínú agolo tirẹ̀, epo sílíkóònù lọ́tọ̀, òróró àdúrà nílé. Bí ó bá sú mi láti jókòó, mo ń lọ kan ilẹ̀kùn ilé ìkógò.

"Ta nìyẹn?"

"Àlejò ni."

"Ẹ wọlé, ẹ wò ó, kí ẹ máa lọ. Àlejò kì í sùn níbí."